Igbó Tí Twins Seven Seven Fi Yíǹkì Dá

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí àwòrán Twins Seven Seven lè rò pé ìlà lásán ni ó kún inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó sún mọ́ ọn: ẹja wà nínú ikùn ẹranko, ojú ń wò láti ara igi, iwin sì ní ju orí kan lọ. Kò sí irú igbó bẹ́ẹ̀ láyé, síbẹ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti pa àlọ́ fún rí kò ní ṣàì dá ibẹ̀ mọ̀.

Táíwò Ọláníyì ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1944 ni wọ́n bí i, ní Ògìdì tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Kogí lónìí. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ kì í ṣe àwàdà: ó ní ẹ̀ẹ̀méje ni ìyá òun bí ìbejì, òun nìkan ni ó sì yè nínú gbogbo wọn.

Ijó ni ó gbé e dé Òṣogbo ní 1964, nígbà tí ó ń bá onítajà oògùn kan kó èrò jọ. Ulli Beier rí i ní Mbari Mbayo tí Dúró Ládiípọ̀ dá sílẹ̀, kò sì jẹ́ kí ó lọ mọ́. Georgina Beier, tí ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọnà níbẹ̀, fún un ní ohun èlò, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí yóò yà fún un.

Yíǹkì ni ó fi ń fa ìlà, a sì máa fi ọnà wẹ́wẹ́ dí gbogbo àlàfo, bí ẹni ń kọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé pláíwúùdù, ó ń lẹ ọ̀kan mọ́ orí èkejì, títí àwọn ẹ̀dá inú igbó náà fi yọ síta.

Àwòrán wọ̀nyí ní ìtàn nínú, ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Paris ní 1989. UNESCO sì fi í ṣe òṣèré àlàáfíà ní 2005, ọdún kan náà tí igbó Ọ̀ṣun wọ àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwòrán bá wọ ọkọ̀ òfurufú, ìtàn kì í sábà bá a lọ. Àkọlé kúkúrú ni ẹni tí ó rà á máa ń rí kà, bí ẹni tí wọ́n pa ìparí àlọ́ fún láìgbọ́ ìbẹ̀rẹ̀.

Henry Glassie, onímọ̀ àṣà ará Amẹ́ríkà, gbọ́ nínú ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2010, ọdún kan kí Táíwò tó kú sí Ìbàdàn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà.