Èdè àti Àṣà nínú Ìkọ́ṣẹ́ Ìtọ́jú Ọkàn Ọmọdé

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni ìṣòro tí ó ń dojú kọ ọmọ Yorùbá tí ó bá ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn ọmọdé. Oògùn kọ́ ni irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí; ọ̀rọ̀ sísọ, eré àti àwòrán yíyà ni.

Ní ọdún 1948 ni John Bowlby àti Esther Bick bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà ní Tavistock, Lọ́ńdọ̀nù. Bick ló fi lélẹ̀ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ sí ilé ọmọ tuntun kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún méjì, kí ó máa wo ìyá àti ọmọ. Ìlànà yìí dára. Ṣùgbọ́n ní agboolé kan ní Muṣin, ta ni a óò wò? Ìyá lè wà lọ́jà. Ìyá àgbà ni ó pọn ọmọ, ẹ̀gbọ́n ni ó ń fún un ní ẹ̀kọ mu. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wo ìyá nìkan kò tíì rí ilé ọmọ náà.

Bákan náà, ọmọ tí a kọ́ kì í wo àgbà lójú. Ẹni tí kò mọ àṣà lè pe ìtẹríba ní àìsàn. Àmọ́ ẹni tí ó fi àṣà bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀ náà lè pe ìbẹ̀rù ní ẹ̀kọ́ ilé. Ewu méjèèjì ni a gbọ́dọ̀ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti yẹra fún.

Ìṣòro èdè tún wà níbẹ̀. Bí ọmọ bá ní, "Àyà mi ń já," ẹ̀rù ni ó ń sọ. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn àyà, a ti ṣi ọ̀nà.

Àpẹẹrẹ rere wà nílé. Birmingham ni T. Adéoyè Lambo ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, síbẹ̀ ní Arò, Abẹ́òkúta, ní 1954, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn. Lónìí, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá, tí a dá sílẹ̀ ní 1907, ní ẹ̀ka ọmọdé ní Òṣòdì. Yunifásítì Ìbàdàn sì ń fúnni ní oyè gíga nínú ìlera ọpọlọ ọmọdé.

Èrò wa ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ ọmọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ti sọ ọ́, kí ó tó túmọ̀ rẹ̀ fún olùkọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.