Àwo Fàdákà Àtijọ́: Níbo Ló Ti Wá, Kí Ni A Sì Lè Fi Ṣe?

 

Ọ̀rọ̀ tòní lè dà bí ọ̀rọ̀ olówó, ṣùgbọ́n ó kan púpọ̀ nínú wa. Ẹlòmíràn lára àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á ra ife, àwo tàbí tíréè àtijọ́ lọ́jà Portobello tàbí Bermondsey, á kó o wálé fún bàbá àti ìyá. Ẹni tó tà á fún un ní fàdákà ni, ó ti tó igba ọdún. Wọ́n á tò ó sí pálọ̀, tó bá di ọjọ́ Ìtúnu, wọ́n á fi bu ohun mímu fún àlejò. Ṣé fàdákà ni lóòótọ́? Bó bá sì jẹ́ fàdákà ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti òǹtẹ̀. Láti ọdún 1300 ni òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí wọ́n máa lu òǹtẹ̀ orí ẹkùn sára fàdákà tí wọ́n bá yẹ̀ wò tó pé. Wọ́n fi lẹ́tà ọdún kún un ní 1478, wọ́n tún fi kìnnìún tó ń rìn kún un ní 1544. Nígbà tí Birmingham àti Sheffield gba ilé àyẹ̀wò tiwọn ní 1773, Birmingham mú ìdákọ̀ró, Sheffield mú adé. Ohun tí kìnnìún yẹn ń sọ ni pé, nínú ìwọ̀n 1000, fàdákà gidi jẹ́ 925. Ẹni tó bá mọ òǹtẹ̀ kà á sọ ìlú, ọdún àti alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́.

Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni EPNS. Ní 1840, Elkington ní Birmingham gba ìwé àṣẹ lórí bí a ṣe ń fi iná mànàmáná bo irin mìíràn ní fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Irin tó wà nísàlẹ̀ ọ̀hún, orúkọ fàdákà ni wọ́n fi pè é, ṣùgbọ́n bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti síńkì ni. Wọ́n á wá to lẹ́tà náà sínú àpótí kéékèèké mẹ́rin, ojú tí kò bá ríran dáadáa á ní òǹtẹ̀ gidi ni.

Ti Hanau ló wá le jù. Ìlú kan ni ní Jámánì, lẹ́bàá Frankfurt. Àwọn tó sá fún inúnibíni ẹ̀sìn dó síbẹ̀ ní 1597, àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà sì wà nínú wọn. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn olówó Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń wá ohun àtijọ́ gbé sórí tábìlì, ohun àtijọ́ kò sì tó. Hanau bá ń rọ ọ́ ní tuntun: ọkọ̀ ojú omi fàdákà tí àwọn atukọ̀ bíńtín ń gun òpó rẹ̀, ife onídèérí, agbọ̀n tí wọ́n ya ọmọ ìkókó abìyẹ́ sí. Wọ́n wá ń lu òǹtẹ̀ tó jọ ti Faransé tàbí ti Hólándì láyé ọjọ́un sí i. Neresheimer, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1890, wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ náà. Ẹ má ṣì wá gbọ́ o: fàdákà ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì dára. Ọjọ́ orí ni wọ́n fi purọ́. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń tú àṣírí, nítorí nígbà náà, wọ́n máa ń lu òǹtẹ̀ ọjà òkèèrè sí i kí wọ́n tó tà á níbẹ̀. Púpọ̀ nínú èyí tí Berthold Muller kó wọlé gba òǹtẹ̀ Chester pẹ̀lú lẹ́tà ọdún. Bí wọ́n bá ní ọkọ̀ kan jẹ́ ti 1650, tí òǹtẹ̀ 1905 wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ dá a lẹ́jọ́.

Fàdákà Jámánì tún máa ń ní àmì oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti adé láti 1888, pẹ̀lú nọ́ńbà bíi 800. Ẹni tó bá rí oṣù yìí lè ní ti Mùsùlùmí ni, bóyá Mẹ́kà ló ti wá. Rárá o! Láyé àtijọ́, oṣù ni àwọn ará Yúróòpù fi ń ṣe àmì fàdákà, òòrùn sì ni ti wúrà.

Kí wá ni ẹ̀sìn wí? Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ̀ fún wa láti jẹ tàbí mu nínú ohun èlò wúrà àti fàdákà, lọ́kùnrin lóbìnrin. Hudhayfah àti Ummu Salamah gba hadíìsì rẹ̀ wá. Nínú mazhabu Màlíkì tí a ń tẹ̀ lé nílẹ̀ wa, kéèyàn tọ́jú rẹ̀ láìlò pàápàá kò tọ́. Ní ti èyí tí wọ́n kàn fi fàdákà bò, ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ pín sí méjì. Ẹni tí wọ́n fi EPNS rẹ́ jẹ lè ríbi dúpẹ́!

Sàká náà wà níbẹ̀. Òṣùwọ̀n tó ń mú un wá ni dírámù igba, ìyẹn nǹkan bíi giramu 595 fàdákà pọ́ńbélé. Tó bá jẹ́ ti 925, àwo náà á tó giramu 643. Ti 800 á tó 744. Bí ọdún bá yí lé e lórí, ìdá kan nínú ogójì ni ẹ ó yọ. Kí ẹ má ṣe wọn ọ̀pá àbẹ́là àti èèkù ọ̀bẹ mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, nítorí fàdákà òde wọn fẹ́lẹ́, ohun mìíràn ni wọ́n sábà máa ń rọ sínú wọn kí ó lè wúwo. Ẹni tó bá fẹ́ tà á, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ fàdákà, kó tà á ní ìwọ̀n. Bó bá sì fẹ́ kó yọ́ ọ ṣe òrùka, òrùka fàdákà kò léèwọ̀ fún ọkùnrin.