Ọmọ Nàìjíríà Ni, Àmọ́ Ọmọ Ibo?

Ìwé pélébé kan ń jáde láti sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ tó lágbára ju ìwé ìrìnnà lọ fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà: ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbà á á kọ orúkọ agboolé bàbá rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, á wá baálé tàbí mọ́gàjí tó máa fọwọ́ sí i pé òun mọ ìdílé náà, á lẹ fọ́tò mọ́ ọn, kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá ní in, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, iṣẹ́ ọba àti iṣẹ́ ológun lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀, kò sí ibi tí ìwé òfin ọdún 1999 ti ní kí ìjọba ìbílẹ̀ máa tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń to iṣẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ, ó mẹ́nu ba ọjà, itẹ́ òkú, ilé ìpẹran, kíkó ìdọ̀tí, àní fífi nọ́ńbà sára ilé. Ìlànà pínpín ipò láàárín ẹ̀yà, tó wọ ìwé òfin ní 1979, ni ìwé ẹ̀rí yìí fẹ̀yìn tì. Abala 147 ní kí ààrẹ mú mínísítà kan, ó kéré tán, láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó sì jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Abala 318 ní tìrẹ fi òbí àti òbí àgbà díwọ̀n ẹni tí ìpínlẹ̀ kan ni ín.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Abala 42 kọ̀ kí wọ́n fi ẹ̀yà tàbí orírun ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Abala 15 ṣèlérí pé ọmọ orílẹ̀-èdè á ní ẹ̀tọ́ olùgbé ní kíkún níbikíbi, àmọ́ Orí Kejì ni wọ́n fi í sí, abala 6 sì ti ilẹ̀kùn kóòtù mọ́ orí náà. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ yẹn dù kò ríbi gbé e lọ.

Abala 27 wá fàyè sílẹ̀ fún àjèjì tó bá gbé níbí fún ọdún 15, tó sì kún ojú òṣùwọ̀n, láti di ọmọ Nàìjíríà. Ọmọ Nàìjíríà tó fi 40 ọdún ṣòwò ní ìpínlẹ̀ míì, tó kọ́lé síbẹ̀, tó bímọ síbẹ̀, kò sí iye ọdún tó lè sọ ọ́ di ọmọ ibẹ̀. Ìyà obìnrin tún lé kan: nílé ọkọ, wọ́n á ní kó lọ gbàwé nílùú bàbá rẹ̀, nílùú bàbá rẹ̀, wọ́n á ní ó ti di ìyàwó ìlú míì.

Àwọn tó ń gbèjà ìlànà yìí ní ohun gidi lọ́wọ́. Ìlú kékeré ń bẹ̀rù pé àwọn tó pọ̀ jù wọ́n lọ á gba ilẹ̀ wọn, á sì gba oyè wọn. Ẹ̀rù náà tọ́, àmọ́ ilẹ̀ ẹbí àti oyè ìdílé ni ó kàn. Àyè nílé-ìwé tí owó ìjọba kọ́ kì í ṣe ogún ìdílé kankan.

Ẹ wo Ìbàdàn. Ní nǹkan bí 1829, jagunjagun láti Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló kóra jọ síbẹ̀. Ogun tí wọ́n jọ jà àti ààbò tí wọ́n jọ ń wá ló sọ ibùdó di ìlú, tí ìlú fi ní ìjọba. Akin ló ń gbéni gun àkàbà oyè nígbà náà. Bí wọ́n bá ti ní kí oníkálùkù lọ mú ìwé wá láti agboolé bàbá bàbá rẹ̀ nílùú náà, ta ni ì bá rí i mú wá?

Ọdún tí èèyàn ti gbé nílùú àti owó orí tó ń san níbẹ̀ ló yẹ kí ìjọba wò. Kí ẹbí máa ṣọ́ ilẹ̀ àti oyè wọn. Ìjọba tó ń gba owó orí lọ́wọ́ bàbá, tó sì ń ka ìbò ìyá, kò ní àwíjàre kankan láti lé ọmọ wọn padà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé.