Ewé Akíntọ́lá

Nílẹ̀ Ìgbómìnà, láti Ìlá-Ọ̀ràngún dé Òkè-Ìlá títí wọ Ọ̀rà, ilẹ̀ tí àgbẹ̀ bá fi sílẹ̀ fún ọdún kan péré, ewé Akíntọ́lá á ti gbà á. Á ga ju ènìyàn lọ, ẹ̀ka rẹ̀ á lọ́ mọ́ra, kòkó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ò ní rí oòrùn. Bí a bá sun ún lọ́gbẹlẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ ni yóò tún jí gbòǹgbò rẹ̀. Màlúù kì í fẹ́ jẹ ẹ́. Tata ló ń wọ́ tọ òdòdó rẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé, afẹ́fẹ́ á gbé èso rẹ̀ wẹ́wẹ́ lọ sí oko ẹlòmíràn.

Àlejò ni o. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Wọ́n ní nǹkan bí ọdún 1937 ló bá èso igi Gmelina láti Ceylon wọ Nàìjíríà. Nígbà tí Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kọ̀ tí kò kúrò lórí àga ní 1962, àwọn àgbẹ̀ rí orúkọ fún un: Akíntọ́lá takú. Àwọn mìíràn, bóyá nítorí òṣèlú tiwọn, ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, orúkọ alátakò Akíntọ́lá.

Ẹ já ewé kan wò. Ìdí rẹ̀ fẹ̀, orí rẹ̀ ṣóńṣó, etí rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́. Iṣan mẹ́ta ló là á láti ìdí, irun tín-ín-rín sì bò ó. Bí ẹ bá rún un, òórùn rẹ̀ á ti ta sí yín nímú kí omi rẹ̀ tó jáde. Omi yìí ni àgbẹ̀ tí àdá ṣá lẹ́sẹ̀ ń fún sójú ọgbẹ́, tí yóò sì kó ewé rírún náà lé e. Ó máa ń ta ènìyàn gan-an, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ á dá. Ìtàn Ìgbómìnà sọ pé àdá tó ń jẹ́ Ògbó ló ṣáájú Ọ̀ràngún, ọba wọn, la ọ̀nà. Ọgbẹ́ àdá kì í ṣe ohun tuntun níbẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti rí i pé oje ewé yìí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì ń dáàbò bo àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń hu awọ. Ní Vietnam, wọ́n ti fi ṣe oògùn tó ń jẹ́ Eupolin, fún egbò àti ojú iná.

Lọ́dún 1962 kan náà tí Akíntọ́lá takú, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onímọ̀ kan, George Winter, dán bí ọgbẹ́ ṣe ń jinná wò lára ẹlẹ́dẹ̀: ọgbẹ́ tí a bò kó má gbẹ hu awọ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì kíákíá ju èyí tí a ṣí sílẹ̀ kó sé èépá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ báńdéèjì òde òní ti ṣẹ̀, àwọn kan bíi jẹ́lì, àwọn kan láti ara ewéko òkun. Oyin pàápàá ti wọ ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ìtànṣán pa kòkòrò inú rẹ̀.

Lójú tèmi, iṣẹ́ ewé Akíntọ́lá ni kó dá ẹ̀jẹ̀ dúró títí ọ̀kadà á fi dé láti gbé àgbẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Kò ká tẹ́tánọ́ọ̀sì inú erùpẹ̀, erùpẹ̀ ọ̀hún sì wà lára ewé tí a já lẹ́bàá ọ̀nà. “Bàbá, kí lẹ fi síbí?” ni nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ bi àgbẹ̀ náà. Á fi omi iyọ̀ fọ ọgbẹ́ náà, á gún un lábẹ́rẹ́, kó tó di báńdéèjì. Ìfọ̀ yẹn lè dunni ju ọgbẹ́ gan-an lọ, torí ewé á ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì.