Iná Wẹ́dà àti Ọjọ́ Orí: Òfin Ìbọn Àtijọ́ ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà

Ẹ jẹ́ ká tẹ́ ìbọn mẹ́ta sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Snider, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1866. Irú rẹ̀ ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó fi ránṣẹ́ sí Èkìtì Parapọ̀ lójú ogun Kírìjì. Èkejì ni Lee-Enfield, ìbọn sójà ìlú ọba nínú ogun àgbáyé méjèèjì, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa náà gbé wọ igbó Burma. Ẹ̀kẹta ni Sten, ìbọn arọ̀jò-ọta tí wọ́n sáré fi páìpù àti irin pẹlẹbẹ ṣe ní 1941, nígbà tí ọwọ́ Hitler ń sún mọ́ ìlú ọba.

Ká ní ẹnì kan ní Birmingham àti ẹnì kan ní Ohio ń kó irú ìbọn wọ̀nyí jọ nítorí ìtàn inú wọn. Ohun kan náà ni ìjọba méjèèjì ń ṣọ́: kí ìbọn ìtàn má padà di ìbọn adigunjalè. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣọ́ ọ. Ọ̀kan ni ọjọ́ orí: ìbọn tó bá ti gbó tó, ẹ fi sílẹ̀. Èkejì ni iná wẹ́dà: ẹ jó irin rẹ̀ pọ̀ títí yóò fi di òkú ìbọn. Amẹ́ríkà gbára lé ọjọ́ orí àti ìwé ìforúkọsílẹ̀. Ìlú ọba gbára lé iná púpọ̀.

Lórí Snider, òṣùwọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 1968 kò ka ìbọn àtijọ́ tí wọ́n ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ sí ìbọn rárá. Òfin ìlú ọba ti ọdún kan náà yọ̀ǹda ìbọn àtijọ́ tí ènìyàn bá tọ́jú fún ọ̀ṣọ́ tàbí ohun ìwòran. Ìlànà 2021 sì là á yé pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án 1939, kí ọta rẹ̀ sì wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí wọn kì í ṣe mọ́. Snider yege. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí onítọ̀hún bá gbèrò láti yìn ín, ààbò yẹn tán. Ìlànà 2021 yìí kan náà ló yọ irú ọta méje kúrò nínú àkọsílẹ̀ náà, nítorí pé àwọn ọ̀daràn ti ń lo ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ tí ń jẹ wọ́n. Ohun tó jẹ́ ọ̀ṣọ́ lánàá di ohun tó ń béèrè ìwé àṣẹ.

Lórí Lee-Enfield, Amẹ́ríkà ló ṣe ìtàn lóore jù. Níbẹ̀, ìbọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún di ohun ìrántí. Ìwé àṣẹ àwọn tó ń kó o jọ jẹ́ dọ́là 30 fún ọdún mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n jó ohunkóhun. Ní ìlú ọba, ẹni tí ọlọ́pàá kò bá fún níwèé àṣẹ, òkú rẹ̀ nìkan ló lè ní. Tẹ́lẹ̀, òkú yẹn ṣì ń mira: wọ́n á dí ihò ìbọn, wọ́n á gé lára irin, síbẹ̀ irin ẹ̀yìn rẹ̀ tí sójà ń fà sẹ́yìn tó ń tì síwájú ṣì ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin 2016 tí ìlànà àjọ ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ń jó irin ẹ̀yìn náà mọ́ ara ìbọn. Irin yẹn sì ni ìtàn Lee-Enfield gan-an. Bó ṣe ń yọ̀ tìrìrì ló jẹ́ kí sójà lè yin ọta 15 lọ́nà tó péye láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń wo èyí tí wọ́n ti jó ń wo àwòrán lásán.

Lórí Sten, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní Amẹ́ríkà, láti 1934 ni owó orí dọ́là 200 ti wà lórí ìbọn arọ̀jò-ọta, wọ́n sì ti ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn pa fún ará ìlú ní oṣù karùn-ún 1986. Ìwọ̀nba tó wà nínú ìwé yẹn ni olówó ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ní ìlú ọba, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì lè ra òkú Sten, kó gbé e kọ́ ògiri, kó sì fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sínú àpótí. Iná tó ba Lee-Enfield jẹ́ ló ṣí ilẹ̀kùn yìí fún tálákà.

Síbẹ̀, ibi tí bàtà ti ń ta àwọn tó ń kó ìbọn jọ lẹ́sẹ̀ jù ni ìgbà tí òfin bá padà wá bá ẹni tó ti gbọ́ràn. Láti 1955, ìjọba Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n jó ìbọn arọ̀jò-ọta tí sójà gbé bọ̀ láti ojú ogun, kí wọ́n sì gbé e sílé láìforúkọ sílẹ̀. Ní 1968, òfin tuntun ní kí wọ́n forúkọ òkú ìbọn náà sílẹ̀, ó sì fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́ péré, láti ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá. Ilé tí kò gbọ́ ìkéde ń tọ́jú ẹ̀ṣẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ìlú ọba, òfin 1988 ní kí wọ́n jó ìbọn, kí wọ́n gba òǹtẹ̀. Wọ́n jó o, wọ́n gbà á. Láti oṣù karùn-ún 2017, ẹni tó ní irú rẹ̀ lè máa wò ó nílé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tà á tàbí fi í tọrẹ fún aládùúgbò rẹ̀, àfi tó bá san owó kí wọ́n tún un pa ní ìlànà tuntun. Ẹni tó da omi síwájú, ilẹ̀ gbígbóná ló tẹ̀.

Mi ò ní fojú kéré ìdí rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 2015, àwọn apániláyà pa ènìyàn 17 ní Paris, ìbọn tí wọ́n ti sọ di aláriwo lásán tí wọ́n sì tà ní gbangba ní Slovakia sì wà lára èyí tí wọ́n tún jí dìde lò. Ẹ̀mí ènìyàn wúwo ju irin ẹ̀yìn Lee-Enfield lọ. Tí mo bá gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, mo fara mọ́ iná fún ìbọn arọ̀jò-ọta, mo fara mọ́ ọjọ́ orí fún ìbọn tó ń yin ọta lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí bí a ṣe ń bá onígbọràn lò, ìlú ọba sàn díẹ̀: ó dí ọ̀nà títà, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó ní in di ọ̀daràn. Bó bá sì jẹ́ ti èmi, ìjọba tó yí ìlànà padà ni yóò san owó títún ìbọn náà pa.

Ilé ìdánwò ìbọn kan wà ní Birmingham láti 1813. Ìlú yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n tà ní etíkun wa láyé àtijọ́ ti wá. Iṣẹ́ ilé náà ni láti yin ìbọn tuntun wò, kó lu òǹtẹ̀ sí i pé kò ní bẹ́ mọ́ oníbọn lọ́wọ́. Láti ìgbà òfin 1988, ó tún ń lu òǹtẹ̀ sí òmíràn pé kò ní dún mọ́. Ẹni tó gba òǹtẹ̀ yẹn ti pa àdéhùn tirẹ̀ mọ́: ó gbé ìbọn wá, ó jẹ́ kí wọ́n jó o lójú ara rẹ̀. Ìjọba tó ni òǹtẹ̀ náà ló kù tí yóò pa tirẹ̀ mọ́.