Àlọ́ Tí A Fi Páálí Ṣe

Ẹni tí ó bá wọ ọjà Mile 12 ní ọ̀sán gangan yóò rí àwọn ọmọ kéékèèké lẹ́yìn apẹ̀rẹ̀ ata àti tòmátò, tí wọ́n ń ṣeré bí àwọn ìyá wọn ti ń nájà. Bí eré bá sú ọmọ, yóò máa rìn kiri. Títì tí ó lọ sí Ìkòròdú kò sì jìnnà síbẹ̀.

Ohun ìṣeré inú ìsọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n páálí òfo kò wọ́n. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ní àbúrò, ẹ lè fi páálí ṣe àwòrán àtòpọ̀ fún un: àwòrán kan tí a gé sí ọ̀nà púpọ̀, tí ọmọ yóò tún tò pọ̀ kí ó tó di odidi. Àlọ́ àpamọ̀ ni, àfi pé ojú àti ọwọ́ ni a fi ń já a.

Ẹ wá páálí tí ó le, irú èyí tí a fi ń kó ọṣẹ. Ẹ gé àwòrán ohun tí ọmọ mọ̀ dáadáa, bí adìyẹ tàbí ọkọ̀ dáńfó, láti ara kàlẹ́ńdà tí ọdún rẹ̀ ti kọjá. Ẹ po ògì, ẹ gbé e ka iná, ẹ rò ó títí yóò fi ki. Bí ó bá tutù, ẹ fi lẹ àwòrán mọ́ páálí, kí ẹ sì gbé ohun tí ó wúwo lé e mọ́jú. Bí kò bá gbẹ kí ẹ tó gé e, ìwé yóò ṣí kúrò.

Gígé rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ogún ègé ni mo gé fún ọmọ ọdún mẹ́ta kan ní Ìkòsí. Mo rò pé bí ó bá ti pọ̀ tó ni yóò ti dùn tó. Ọmọ náà mú méjì, wọn kò bá ara wọn mu. Ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó sì bú sẹ́kún. Mo gé àwòrán adìyẹ sí mẹ́ta péré: orí, ara, ẹsẹ̀. Ó tò ó, ó tú u, ó tún un tò, títí ìyá rẹ̀ fi ti ọjà dé.

Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀, kí ẹ máa fi kún un bí ọmọ ti ń dàgbà. Ẹ jẹ́ kí ègé kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ojú lè dá mọ̀ lára. Ègé tí ó jẹ́ kìkì ojú ọ̀run kò sọ nǹkan kan fún ọmọdé. Kí ó sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lọ, nítorí ẹnu ni ọmọ kékeré fi ń tọ́ ohun gbogbo wò, páálí tí ó rin sì lè há a lọ́fun. Ẹ gbé àlùmọ́gàjí jìnnà sí i.

Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láàárín ọdún 1760 sí 1769 ni John Spilsbury, ayàwòrán-ilẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ àwòrán ilẹ̀ mọ́ pákó, tí ó sì gé e ní ààlà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọdé lè fi kọ́ ẹ̀kọ́. Fún ọmọ tí ó ti wọ ilé-ìwé, ẹ̀yin náà lè ya àwòrán Ìpínlẹ̀ Èkó, kí ẹ gé e sí márùn-ún: Ìkẹjà, Àgbádárìgì, Ìkòròdú, Èkó àti Ẹ̀pẹ́. Inú ègé Ìkẹjà ni ọmọ yóò ti rí Kétu.

Bí ó bá ń tò ó, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù, ẹ yí ègé kan sí ibi tí ó yẹ, kí ẹ sì ká ọwọ́ kò. Lẹ́yìn eré, ẹ kó o sínú àpò aṣọ. Ẹ ti fi àmì kan náà sí ẹ̀yìn ègé àwòrán kọ̀ọ̀kan, nítorí bí ẹsẹ̀ adìyẹ bá bá táyà dáńfó dà pọ̀, àgbà pàápàá yóò tò ó tì.