Pijó 504 àbí jíìpù: èwo ló bá ọ̀nà oko Ìfẹ̀wàrà mu?

Tí a bá dárúkọ ọkọ̀ fún ẹni tó ń kó kòkó láti oko wá sí Ìfẹ̀wàrà, jíìpù ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ fà yọ, wọ́n á ní Pijó 504 ti di ọkọ̀ àwọn bàbá wa. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ní 1968 tí 504 jáde nílẹ̀ Faransé náà ni Toyota gbé Hilux àkọ́kọ́ jáde: ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n. Ilé iṣẹ́ Pijó ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní 1975, wọ́n sì to 504 fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i lẹ́yìn tí Faransé ti pa káà tiwọn tì ní 1983. Lọ́dún 1975 yẹn kan náà, 504 ló gba ipò kìíní nínú eré ìje Safari ní Kẹ́ńyà, ó sì tún gbà á ní 1978. Táyà ẹ̀yìn méjì péré ló sì ń tì í.

Òjò ló máa ń tú àṣírí táyà méjì. Ilẹ̀ pupa Ìjẹ̀ṣà a máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá nígbà tó bá tutù. Dífù ẹ̀yìn ọkọ̀ wà kí táyà òde lè yára ju ti inú lọ ní kọ́nà, ṣùgbọ́n bí táyà kan bá bọ́ sẹ́rẹ̀, dífù yìí náà ló máa darí agbára ẹ́ńjìnnì síbẹ̀: táyà ọ̀hún á máa yí lásán, èkejì tó wà lórí ilẹ̀ líle á dúró gbagidi. Ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà ṣì ní ti iwájú tó lè wọ́ ọ jáde. Èyí tó bá tún ní lọ́ọ̀kì, tó ń so táyà ọ̀tún àti ti òsì pọ̀ kí wọ́n jọ yí, 504 kò lè bá a du ẹrẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo jíìpù ló rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú Highlander àti Lexus RX tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àwọn tó ń dé ibí ní tòkunbọ̀, táyà iwájú nìkan ló ń fà wọ́n. Gíga lásán ni wọ́n fi ju káà lọ. Àtúnṣe sì tún wà ńbẹ̀. Bí epo ò bá wọlé dáadáa nínú 504, mẹkáníìkì lè tú kábúrétọ̀ létí ọ̀nà, kó fẹ́ ihò rẹ̀, kó dè é padà. Jíìpù òde òní, kọ̀ǹpútà ló ń pín epo fún un. Bí sẹ́ńsọ̀ kan bá kú, ó lè di kí wọ́n wọ́ ọ lọ sí Iléṣà.

Ẹnìkan lè ní 504 kò ní àpò afẹ́fẹ́ tó ń gba orí èèyàn là, kò sì ní bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há. Òótọ́ ni, lójú ọ̀nà márosẹ̀ kò sí ohun tí mo lè fi gbèjà rẹ̀. Òmíràn lè ní ẹ̀yà ara rẹ̀ ti ń wọ́n. Ìyẹn náà ò ṣeé jiyàn. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọdún ni ẹrẹ̀ máa ń pọ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sì ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú kòkó. Lójú tèmi, ẹni tí ojú ọ̀nà oko rẹ̀ kò burú púpọ̀, tó sì ní 504 tó ṣì dá múṣémúṣé, kó má tíì tà á. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra jíìpù, kó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ kó tó sanwó: bí kò bá sí ọ̀pá irin tó lọ láti iwájú dé dífù ẹ̀yìn, táyà méjì náà ló sábà máa ń jẹ́ nìyẹn.